Ọmọ mi fẹ́ gbá kò-mẹsẹ̀-ó-yọ líìgì yunifásítì ní Amẹ́ríkà: báwo ni mo ṣe lè máa wò ó láti Lọ́ńdọ̀nù?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n àkọ́bí wa ọkùnrin ti wà ní yunifásítì kan ní apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà láti ọdún tó kọjá, nítorí wọ́n fún un ní sikọ́láṣípù torí bọ́ọ̀lù tó ń gbá. Ẹ̀yìn lápá òsì ni wọ́n ń fi í sí. Ẹgbẹ́ wọn ṣe ipò kẹta nínú líìgì, ó sì sọ fún mi pé ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, wọn yóò gbàlejò ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kẹfà nínú kọ́tà fáínà. Bàbá rẹ̀ ń bi mí pé bí líìgì bá ti parí tí ẹnìkan sì ti ṣe ipò kìíní, kí ni wọ́n tún ń gbá? Wọ́n tún ní kò sẹ́ni tó ń wo bọ́ọ̀lù yunifásítì. Èmi kò ní èsì kankan. Ohun tó ń já mi láyà jù ni pé yẹ́lò káàdì mẹ́rin ni ọmọ yìí ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ṣé wọ́n máa ń pa á rẹ́ ni? Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe lè máa wò ó láti ìhín, bóyá kí n kúkú ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ wo àṣekágbá, àti ohun tó yẹ kí n sọ fún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ní Ìbàdàn náà ń bèèrè aago tí àwọn yóò jí láti gbàdúrà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú àbójútó ọmọ, ẹ sì kú ìfojúsọ́nà. Maryland ni èmi ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko, ọdún kejì rèé tó ti parí, nítorí náà ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí èmi àti ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá bàbá àwọn ọmọ lóhùn, nítorí orí ìbéèrè tiwọn ni gbogbo ìyókù dúró lé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe líìgì ní England kọ́ ni wọ́n ń ṣe é níhìn-ín. Àwọn yunifásítì máa ń kó ara wọn jọ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní kọ́nfúrẹ́ǹsì. Àwọn ńlá wà, bíi ACC àti Big Ten, àwọn kékeré sì wà, bíi America East, tó kó àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní apá ibi tí ọmọ yín wà jọ. Láti ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, póìǹtì mẹ́ta fún ẹni tó bá borí, oókan fún ẹni tó bá gbá ọ̀mì. Ní ti tòótọ́, wọ́n máa ń yẹ́ ẹni tó ṣe ipò kìíní sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gan-an tí tábìlì líìgì ń ṣe ni pé ó ń sọ àwọn tí yóò wọ kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, àti ẹni tí yóò gbàlejò ẹnìkejì. Nínú irú èyí tí ẹ̀yin ṣàlàyé, ẹgbẹ́ mẹ́fà ló ń wọlé. Ipò kìíní àti ìkejì yóò dúró de àwọn yòókù ní sẹ́mì fáínà, ìkẹta yóò gba ìkẹfà lálejò, ìkẹrin yóò gba ìkarùn-ún. Ẹni tó bá gba ife níbẹ̀ ló ń gba àyè kọ́nfúrẹ́ǹsì náà nínú ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ń ṣètò.

Ẹgbẹ́ 48 ló ń wọ ìdíje yẹn. Àwọn tó gba ife kọ́nfúrẹ́ǹsì wọn ti wọlé ná. Ìyókù, ìgbìmọ̀ kan ló ń jókòó yàn wọ́n, wọ́n sì ń wo bí ẹgbẹ́ náà ṣe ṣe sí jálẹ̀ sáà àti bí àwọn tí wọ́n bá gbá ṣe lágbára tó. Nítorí èyí, kọ́nfúrẹ́ǹsì ńlá lè kó ẹgbẹ́ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré ni ti kékeré sábà máa ń ní. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ bi ọmọ yín nìyẹn: bí ẹ kò bá gba ife yìí, ṣé ẹ ṣì lè wọlé? Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wọn. Bí ó bá ní rárá, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, àti pé ìṣẹ́jú 90 ọjọ́ Àbámẹ́ta lè jẹ́ òpin làálàá gbogbo ọdún.

Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ní ọdún kẹta ọmọ mi, ipò kìíní ni ẹgbẹ́ wọn ṣe, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì fìdí rẹmi nínú líìgì. Wọ́n gbá sẹ́mì fáínà nílé ara wọn, ó di ọ̀mì; wọ́n gbá àfikún àkókò, ọ̀mì náà ni; ó wá kan pẹ̀nárítì. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nígbà yẹn. Inú ọkọ̀ mi ni mo wà níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí níbi iṣẹ́, mo gbé fóònù ti iwájú, àwòrán ń dúró, ó tún ń lọ. Ọmọ mi ló gbá ìkẹrin. Mo rí i tó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó tún gbé e nílẹ̀, ó tún un gbé kalẹ̀, ó di ìgbà mẹ́ta. Àwòrán bá dúró pátápátá. Nígbà tí yóò fi padà dé, aṣọ́lé àwọn ẹgbẹ́ kejì ti ń sáré lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀, ọmọ mi sì ti fa jẹ́sì bo ojú. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ẹsẹ̀ àwọn tó ti gbá ṣáájú òun ti wú koríko ojú ibẹ̀ títí tí iyẹ̀pẹ̀ fi yọ, bọ́ọ̀lù kò sì fẹ́ dúró sójú kan. Ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n ń kéde ẹgbẹ́ 48 náà, gbogbo wọn jókòó sínú gbọ̀ngàn kan pẹ̀lú akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, wọ́n ń wò ó. Wọ́n kà á tán, wọn kò dárúkọ wọn. Bí sáà náà ṣe parí nìyẹn fún ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kìíní.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá ti wọlé, ibi tó lè dé kò ṣeé fojú kéré. Inú America East tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni yunifásítì Vermont wà. Ní ọdún 2024, wọn kò sí lára àwọn ẹgbẹ́ 16 tí ìgbìmọ̀ kà sí alágbára jù, àwọn tí wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n sinmi ní ìpele àkọ́kọ́, síbẹ̀ wọ́n gbá a títí dé Cary ní North Carolina, wọ́n na yunifásítì Marshall ní 2-1 nínú àfikún àkókò, wọ́n sì gba ife gbogbo Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Ní ti pé kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé Abuja ni wọ́n bí Tani Oluwaseyi sí, Kánádà ló dàgbà sí, yunifásítì St. John's ní New York ló ti gbá bọ́ọ̀lù kí Minnesota United, ẹgbẹ́ kan nínú MLS tí í ṣe líìgì àgbà Amẹ́ríkà, tó mú un ní ọdún 2022, ó sì ti dé Villarreal ní Sípéènì ní ọdún 2025. Ilé ẹ̀kọ́ tí Tesho Akindele lọ ní Colorado kò tilẹ̀ sí ní ìpele òkè pátápátá. Ní ọdún 2014 tó wọ FC Dallas, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù lọ nínú MLS.

Bí ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù náà, àwọn nǹkan kan yóò yà yín lẹ́nu. Aago wọn ń kà sẹ́yìn ni, láti 45 wá sí òdo, wọ́n sì máa ń dá a dúró bí ẹnìkan bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tàbí tí rẹfirí bá yọ káàdì. Bí wọ́n bá yọ ọmọ yín ní abala àkọ́kọ́, kò lè padà wọlé títí abala yẹn yóò fi parí, àmọ́ ní abala kejì wọ́n lè yọ ọ́ kí wọ́n sì tún dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó mi sunkún nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ ọmọ wa, ó rò pé ó fara pa ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló tún rí i lórí pápá. Láàárín sáà, ọ̀mì ni ọ̀mì ń jẹ́, olúkúlùkù á máa lọ sílé. Nínú kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kún un lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà pẹ̀nárítì. Ó sàn ju ti àtijọ́ lọ. Yunifásítì Howard ní Washington, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Lincoln Phillips ọmọ Trinidad, kó àwọn ọmọ Áfíríkà àti ti erékùṣù Caribbean jọ sí, gbá àfikún àkókò mẹ́rin ní àṣekágbá ọdún 1974 kí wọ́n tó na Saint Louis ní 2-1.

Ọ̀rọ̀ káàdì ni kí ẹ fọkàn sí jù, nítorí wọn kì í pa á rẹ́. Ẹni tó bá gba yẹ́lò káàdì karùn-ún yóò jókòó sílẹ̀ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bá tẹ̀lé e. Bí ọmọ yín bá gba ìkarùn-ún ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹgbẹ́ wọn sì borí, kò ní gbá sẹ́mì fáínà. Bí wọ́n bá sì kọsẹ̀ níbẹ̀ láìsí òun, ọ̀rọ̀ náà yóò pẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì kò lè sá fún ẹni tó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyẹn kò ṣeé dá a lẹ́bi fún. Èyí tó ṣeé yẹra fún ni káàdì tí èèyàn ń fi ẹnu tàbí ìbínú gbà, nípa jíjiyàn pẹ̀lú rẹfirí tàbí gbígbá bọ́ọ̀lù dànù lẹ́yìn tí fèrè ti dún. Ẹ bi í léèrè bí ó ṣe gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ ti ẹnu nínú wọn, ẹ bá a sọ ọ́ lónìí, kì í ṣe ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn náà mọ iye káàdì tó wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá ti ń borí pẹ̀lú góòlù méjì tí ẹ rí i pé wọ́n tètè yọ ọ́, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de sẹ́mì fáínà ni.

Ní ti bí ẹ ó ṣe wò ó, ẹ lọ sí ojú ewé ẹgbẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yunifásítì wọn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n kọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta sí. Ọ̀pọ̀ kọ́nfúrẹ́ǹsì ló ń gbé tiwọn sórí ìkànnì ESPN tí èèyàn ń sanwó wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì (ESPN+ ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 2025), Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n sì ṣe ìyẹn fún, ó lè má ṣí lọ́dọ̀ yín. Ẹ dán an wò ṣáájú ọjọ́ náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Live Stats máa ń ṣí níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò ní àwòrán, ṣùgbọ́n yóò sọ ẹni tó gbá a sáwọ̀n, ẹni tí wọ́n pààrọ̀ àti ẹni tó gba káàdì. Ẹ ní kí ọmọ yín fi yín sínú WhatsApp àwọn òbí ẹgbẹ́ náà. Obìnrin kan láti Ohio, tí a kò tíì fojú kan ara wa rí, ló ń fi fóònù rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà hàn wá láti ẹ̀gbẹ́ pápá ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ wa.

Ẹ ṣọ́ra fún aago, nítorí ọ̀sẹ̀ yìí yàtọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ẹ̀yin yí aago yín padà. Ti Amẹ́ríkà di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, èyí tí í ṣe ọjọ́ kejì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín wa báyìí dípò márùn-ún. Aago méje alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta níbẹ̀ yóò jẹ́ aago mọ́kànlá lọ́dọ̀ yín, ìyá ní Ìbàdàn yóò sì jí ní aago méjìlá òru. Bí wọ́n bá gbá sẹ́mì fáínà ní aago méje kan náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó di aago méjìlá òru fún yín, àti aago kan òru fún ìyá.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì o. Nínú irú ìdíje yìí, ilé ẹgbẹ́ tí ipò rẹ̀ ga jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù ni wọ́n sábà máa ń gbá àṣekágbá sí, nítorí náà ẹ kò lè mọ ìlú tí yóò jẹ́ títí sẹ́mì fáínà yóò fi parí, ọjọ́ bíi mélòó kan péré ni yóò sì kù. Ẹ tọ́jú owó yẹn de ọdún ìkẹyìn ọmọ yín ní yunifásítì. Ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ṣáájú rẹ̀, wọ́n máa ń ya ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń parí, tí òbí yóò bá ọmọ rẹ̀ rìn wọ orí pápá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, oṣù bíi mélòó kan ṣáájú sì ni ọjọ́ náà ti ń jáde. Ìró àti bùbá aṣọ òkè ni ìyàwó mi wọ̀ ní ọjọ́ tiwa, ó kọ̀ láti wọ kóòtù bò ó bí òtútù ṣe mú tó.

Ó ku ohun tí ẹ ó sọ fún un. Ẹ má pè é ní ọjọ́ náà kí wọ́n tó gbá a. Wọ́n máa ń kó wọn jọ láti àárọ̀ fún oúnjẹ àti ìpàdé, ọkàn wọn kì í sí nílé. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé ìyá mi yóò ki oríkì rẹ̀ sínú fóònù, bí ìṣẹ́jú kan, a ó sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i. Inú bọ́ọ̀sì ló ti máa ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì pàdánù, ẹ má tètè sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ pẹ̀nárítì yẹn, aago méjì òru ni ọmọ mi tó pe ìyá rẹ̀, ohun tó sọ kò ju pé kí wọ́n má pa fóònù. Wọn kò pa á títí oorun fi gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá ní Ìbàdàn ti ki oríkì náà sílẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, nítorí iná, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí i ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tiyín, nígbà tí yóò jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.