Ẹ Bi Wá: Ta ló máa bi kọmíṣọ́nnà pé ṣéńjì dà?

Ọ̀rọ̀ owó ìjọba ló kún inú lẹ́tà tó wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mo mú mẹ́rin jáde torí ibì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ: àwọn tí a dìbò fún sílé aṣòfin ìpínlẹ̀, kí ni wọ́n lè bi àwọn kọmíṣọ́nnà, àti pé ṣé wọ́n tiẹ̀ ń bi wọ́n.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n gbẹ́ kànga dẹ̀rọ kan sẹ́yìn ọjà wa, ó ti lé lọ́dún méjì. Wọ́n gbé táńkì búlúù sórí irin, wọ́n kọ orúkọ sí i lára, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Omi ò jáde níbẹ̀ rí, àní ẹ̀kán kan ò kán. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì wá sọ fún wa pé owó ẹ̀ ti jáde tán. Mo bá ọnárébù wa níbi òkú kan, mo bi í, ó ní "Màmá, èmi kọ́ ni mò ń náwó, ẹ lọ bá kọmíṣọ́nnà." Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sóhun tó lè ṣe sí i? — Ìyá Ìbejì, Òkè-Ògùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú mà. Òótọ́ lọnárébù yín sọ pé òun kọ́ lòun ń náwó, àmọ́ ó gé ọ̀rọ̀ náà kù. Tá a bá rán ọmọ lọ sọ́jà, ṣebí ẹni tó fún un lówó náà ló máa bi í pé kí lo rà, ṣéńjì dà? Ilé aṣòfin ló fún kọmíṣọ́nnà lówó yẹn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 120, kò gbà kí owó jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ láìjẹ́ pé òfin ti fọwọ́ sí i, abala 121 sì ní kí gómìnà gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì wá síwájú ilé kí ọdún ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì tí kànga yín wà nínú ẹ̀, ẹnì kan jókòó síbẹ̀ lórúkọ ẹ̀yin ará àdúgbò yẹn, tó bá jẹ́ pé òun náà ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn, òun lẹ rí níbi òkú yẹn.

Ó kù. Abala 108 sọ pé tí ilé bá ti pe kọmíṣọ́nnà pé kó wá ṣàlàyé bó ṣe ń darí iléeṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá ni, kì í ṣe pé tó bá wù ú. Abala 128 fún ilé lágbára láti wádìí iléeṣẹ́ ìjọba yòówù àti ẹnikẹ́ni tí owó tí ilé fọwọ́ sí bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kí wọ́n lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, iṣẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa àti owó tí wọ́n fi ṣòfò. Abala 129 wá ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ní ilé lè pe ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Nàìjíríà kó wá jẹ́rìí, kó búra, kó gbé ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ wá, tó bá kọ̀ tí kò wá, ilé lè kọ ìwé tí ọlọ́pàá máa fi lọ mú un wá. Agbaṣẹ́ṣe tó gbé táńkì yẹn síbẹ̀ wà lára "ẹnikẹ́ni" yẹn o.

Mo ti jókòó rí níbi tí kọmíṣọ́nnà ti wá sọ bóun ṣe fẹ́ náwó ọdún tó ń bọ̀, mi ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọnárébù yẹn ń kí i ni, "ẹ kú iṣẹ́ takuntakun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fún wa", wọ́n á wá ní kó jọ̀ọ́ kó rántí ẹkùn ìdìbò àwọn. Ọkùnrin kan bínú, ó pariwo nípa ọ̀nà tó bàjẹ́, kọmíṣọ́nnà ní kó ṣe sùúrù, a máa ṣe é, ó tán síbẹ̀. Ìgbà tó wá kan obìnrin kan tó jókòó lápá ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́ ló wọ gíláàsì, ó fi ìka lé ìlà kan nínú ìwé yẹn, ó ní "Sà, ní ojú ewé yìí, a fọwọ́ sí owó kan lọ́dún tó kọjá. Èló ló dé ọwọ́ yín níbẹ̀, ta lẹ san án fún, iṣẹ́ dé ibo?" Gbogbo ilé dákẹ́. Kọmíṣọ́nnà wẹ̀yìn, dírẹ́kítọ̀ kan na ìwé pélébé kan sí i, ó kà á, ó padà wẹ̀yìn, ìwé pélébé mìíràn tún dé. Obìnrin yẹn ò gbóhùn sókè rárá, ó kàn ń dúró ni, bíírò wà lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ariwo kọ́ ló ń ba kọmíṣọ́nnà lẹ́rù.

Nítorí náà mà, ẹ má bi ọnárébù yín pé kí ló dé tí omi ò jáde, torí ìdáhùn ìyẹn ò ju ẹ ṣe sùúrù lọ. Ohun tẹ́ ẹ máa ní kó bá yín bèèrè ni pé bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún wo ni kànga yẹn wà nínú ẹ̀, èló ni wọ́n fọwọ́ sí, èló ló jáde, ta ni agbaṣẹ́ṣe, àti pé ta ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ẹnì kan ti fi bíírò kọ ọ́ pé omi ń jáde lẹ́yìn ọjà yín.

Mo ń gbé ní Glasgow. Ọ̀sán Thursday-Thursday ni mo máa ń rí àwọn aṣòfin Scotland lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń da ìbéèrè bo olórí ìjọba wọn, lójúkojú. Kí ló dé tí tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀? — Bàbá Tọ́lá, Glasgow

Bàbá Tọ́lá, ẹ kú àjò o. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, àwa náà ti ṣe é rí, ní Ìbàdàn, àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní Scotland, inú àwọn aṣòfin 129 yẹn náà ni olórí ìjọba àtàwọn mínísítà rẹ̀ ti wá, inú ilé kan náà ni wọ́n jókòó sí, wọn ò ríbi sá sí. Tí aṣòfin bá kọ ìbéèrè sílẹ̀, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 ló yẹ kí ìdáhùn dé. Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn nígbà tí Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ní ilé aṣòfin tirẹ̀ ní Ìbàdàn láyé Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, àwọn mínísítà máa ń jókòó síwájú, ẹgbẹ́ alátakò máa dojú kọ wọ́n. Lẹ́yìn ìbò 1956, Adégòkè Adélabù ló di olórí ẹgbẹ́ alátakò nílé yẹn, ìtàn tí àwọn ará Ìbàdàn ò lè gbàgbé sì ni ti ọjọ́ tó fi òyìnbó ńlá bu ìjọba, tó ní "peculiar mess" ni gbogbo ẹ̀, tí àwọn èèyàn tó ń gbọ́ ọ wá sọ ọ́ di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Títí dòní, tí nǹkan bá dojú rú, pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì náà là ń pè é. Mo fẹ́ sọ èyí náà kó má bàa dà bí ẹni pé mò ń sọ ọ́ di áńgẹ́lì: wọ́n ti ṣèwádìí òun fúnra ẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn, ó sì fi ipò mínísítà àpapọ̀ sílẹ̀ torí ẹ̀ ní 1956. Ṣebí ohun tí mò ń wí náà nìyẹn, ẹni tó ń bèèrè, wọ́n ń bi òun náà. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní March 1958, kò tíì pé ọdún méjì lórí ipò alátakò yẹn.

Òfin 1979 ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Ètò ti Amẹ́ríkà la gbà, kọmíṣọ́nnà kì í ṣe ọmọ ilé mọ́, gómìnà ló ń yàn án, ilé á kàn yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé, tí aṣòfin bá sì gba ipò kọmíṣọ́nnà ó máa fi àga ẹ̀ sílẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é kẹ́ ẹ tó rí i. Mi ò rò pé ètò tuntun yìí ló burú o, ibi tó ti dùn mí ni pé a jù ọjọ́ ìbéèrè nù, a ò fi nǹkan kan rọ́pò ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé tọ̀dọ̀ yín náà ń gún régé. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi méjì tí wọ́n gbé fún iléeṣẹ́ Ferguson Marine ní Port Glasgow ní 2015, mílíọ̀nù 97 pọ́n-ùn lowó àdéhùn. Nígbà tí wọ́n ti àkọ́kọ́ nínú ẹ̀, Glen Sannox, sínú omi ní November 2017, olórí ìjọba ìgbà náà, Nicola Sturgeon, wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ fèrèsé tó wà níwájú ọkọ̀ yẹn kì í ṣe fèrèsé, ọ̀dà ni wọ́n fi yà á. 2018 ló yẹ kó máa gbé èrò, January 2025 ló tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún lórí ọdún làwọn aṣòfin fi ń bi àwọn mínísítà pé ta ló fọwọ́ sí i. Nígbà tí Audit Scotland, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò níbẹ̀, gbé ìròyìn jáde ní March 2022, wọ́n ní àwọn ò rí ìwé tó tó láti ṣàlàyé ìdí táwọn mínísítà fi gba ewu àdéhùn yẹn. Ìbéèrè ọ̀sán Thursday ń fi ojú wọn hàn, àmọ́ tí kò bá sí ìwé, ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ń há sí. Mo wo fọ́tò fèrèsé yẹn títí, táńkì búlúù Ìyá Ìbejì ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Ṣé ọnárébù ò lè dá lọ bá kọmíṣọ́nnà lọ́fíìsì kó ní kó kó fáìlì wá? — Múfú, Abẹ́òkúta

Kò lè fi dandan mú un o, Múfú. Ó lè lọ, ó lè kọ lẹ́tà, wọ́n tiẹ̀ lè fún un ní tíì, àmọ́ agbára tí abala 128 àti 129 ń sọ, ilé ló ni ín tàbí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ̀kótó tí ilé yàn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpinnu tí wọ́n kọ sínú ìwé ilé tàbí gáséètì. Ọ̀dọ̀ yín ní Ògùn, aṣòfin 26 ni wọ́n, Ọ̀yọ́ jẹ́ 32, Èkó 40. Ó máa gbé àbá wá, kí àwọn yòókù tì í lẹ́yìn. Torí náà, kẹ́ ẹ má bá tiyín nìkan sọ̀rọ̀, ẹ bá ti àdúgbò kejì náà sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ kan náà ni gómìnà wa àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin wa. Ta ló máa wá bi ta? Ẹ má fi wá ṣeré o. — Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú

Tíṣà, ẹ kúuṣẹ́ sà. Ìbéèrè yín yìí ló ká mi lára jù, mi ò sì ní sọ fún yín pé ó rọrùn. Ọnárébù tó mọ̀ pé gómìnà ló máa pinnu bóyá òun máa gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu ẹ̀ á wúwo. Owó ilé aṣòfin náà, ọwọ́ gómìnà ni wọ́n ti ń gbà á tẹ́lẹ̀, wọ́n tún ìwé òfin ṣe ní 2018 kí owó wọn lè máa lọ bá wọn tààrà, àmọ́ òfin lórí ìwé ọ̀tọ̀, owó lọ́wọ́ ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà tí mo rí ni pé ká má dúró de ìgboyà wọn nìkan. Abala 125 ní lẹ́yìn tí akáǹtáǹtì àgbà bá ti kó ìṣirò owó ọdún fún ọ́díìtọ̀ àgbà ìpínlẹ̀, láàárín ọjọ́ 90 ó gbọ́dọ̀ fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ìwé yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà sà. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé wọ́n ná owó láìsí rìsíìtì, tàbí wọ́n san owó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì àti ìṣirò owó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ètò Báńkì Àgbáyé tó parí ní 2022, tó ń fún ìpínlẹ̀ lówó tí wọ́n bá fi ìnáwó wọn hàn, wà lára ohun tó tì wọ́n síbẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ yín lè wá a jáde lórí fóònù.

Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà bèèrè ẹ̀. Òfin tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti 2011, ọjọ́ 7 ló fún wọn láti fèsì. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń sọ nígbà yẹn pé òfin Àbújá ni, kò kan àwọn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wá là á mọ́lẹ̀ ní April 2025 pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi chalk kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò tó báyìí, ìwé yẹn ò le jù yín lọ, àwọn ọnárébù tí mo sì ń rí, ojú máa ń tì wọ́n gan-an láti dákẹ́ tí àgbàlagbà mẹ́wàá bá wà nínú yàrá tí oníkálukú wọn mú ojú ewé kan náà dání.

Ìyá Ìbejì, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ ya fọ́tò kànga yẹn, ẹ jẹ́ kí orúkọ tí wọ́n kọ sí i hàn dáadáa, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí Abẹnugan ilé, kó gba ọwọ́ akọ̀wé ilé, kí ìyálọ́jà àtàwọn tó ń tajà níbẹ̀ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà méjì lẹ máa gbé lọ. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín, kí ọjọ́ wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú ẹ̀dà ìyẹn fún ọnárébù yín nílé, kì í ṣe níbi òkú.