Special topics lórí dídarí ojú CubeSat: ohun tí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì

Àbúrò, o ní ilé-ìwé rẹ ní Amẹ́ríkà gbé kọ́ọ̀sì "special topics" kan jáde lórí bí a ṣe ń darí ojú CubeSat (sátẹ́láìtì kékeré bí àpótí), ìyẹn ibi tó kọjú sí, o sì ń bi wá bóyá kí o forúkọ sílẹ̀. Forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà kọ́ọ̀sì. AE 8803 ní Georgia Tech, AERO 689 ní Texas A&M: nọ́ńbà kan ṣoṣo ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí kò bá ara wọn tan rárá wà. Ìwé tí ẹni tó ṣe é lọ́dún tó kọjá bá fún ọ lè dá lórí iná rọ́kẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀. Sílábọ́ọ̀sì ti sẹ̀mẹ́sítà yìí gan-an ni kí o gbà lọ́wọ́ olùkọ́. Kí olùdámọ̀ràn rẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé yóò kà mọ́ ohun tí oyè rẹ ń béèrè, kí ọjọ́ tí a lè yọ kọ́ọ̀sì tó kọjá.

Bí kóòdù Python tàbí MATLAB rẹ kò bá já gaara, wàá bá a lọ́nà. Mátíríìsì ni kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn sí ọ.

Quaternion ló ń jẹ àkókò jù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ibi tí sátẹ́láìtì kọjú sí ni. MATLAB máa ń kọ́kọ́ kọ scalar, èyí tó yàtọ̀ sí mẹ́ta yòókù, SciPy (àkójọ irinṣẹ́ Python) sì máa ń fi í sẹ́yìn, àyàfi tí o bá sọ fún un. Èyí tó tún burú ni pé quatrotate ti MATLAB ń yí férémù (àwọn ìlà x, y, z tí a fi ń wọ̀n), SciPy ń yí ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà kan náà á gbé ọ lọ sí òdìkejì. Kọ̀ǹpútà kò ní pariwo. Yí x ní ìwọ̀n 90 yípo z kí o wò ó bóyá y ló jáde tàbí y pẹ̀lú àmì yíyọ, kí o sì kọ èsì náà sórí fáìlì kọ̀ọ̀kan.

Kí o tó fi ìdarí kankan sí i, pa gbogbo agbára tó ń yí i, kí o sì jẹ́ kó rin ìyípo kan. Ní ọ̀nà ISS (ibùdó òfúrufú àgbáyé), nǹkan bí ìṣẹ́jú 92 nìyẹn. (Ibẹ̀ ni wọ́n ti tú NigeriaEduSat-1 ti FUTA, Àkúrẹ́, sílẹ̀ ní 2017; 1U ni, ìyẹn CubeSat tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bí 10 cm.) Bí angular momentum (ìwọ̀n ìpòyì rẹ̀) nínú férémù tí kì í yí bá yẹsẹ̀, dín ìṣísẹ̀ àkókò kù.

Ó wá kan B-dot, tó ń fi wáyà kíká àti òòfà ilẹ̀ ayé dá ìpòyì dúró. 1U tó wúwo tó 1.33 kg ní inertia (bó ṣe ń kọ̀ láti yí) bí 0.0022 kg·m². Tó bá ń yí ní ìwọ̀n 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí agbára òòfà wáyà rẹ jẹ́ 0.2 A·m², tí òòfà sì jẹ́ 30 microtesla, orí ìwé á sọ pé ó dúró láàárín ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Má gbà á gbọ́. Wáyà kò lè yí i yípo ìlà òòfà fúnra rẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ pa á nígbà tí magnetometer (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn òòfà) bá ń kà, àìṣe bẹ́ẹ̀, òòfà ara rẹ lo ń wọ̀n. Má retí òdo pẹ̀lú: yóò ṣẹ́ku bí ìlọ́po méjì ìyára tó fi ń yí ayé po. Bí sátẹ́láìtì bá ń pòyì bí òkòtó, kọ́kọ́ wo àmì yíyọ tó wà níwájú k (nọ́ńbà tó ń pinnu bí B-dot ṣe lágbára tó), lẹ́yìn náà kí o wo IGRF (ìṣirò òòfà ilẹ̀ ayé tí gbogbo ayé ń lò): nanotesla ló sábà máa ń fúnni, kì í ṣe tesla.

Ní ti Kalman, ìṣirò tó ń pa ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ kà pọ̀ láti mọ ibi tí sátẹ́láìtì kọjú sí, má fi nọ́ńbà quaternion mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú covariance (mátíríìsì tó ń sọ bí àṣìṣe ṣe lè tóbi tó), torí mẹ́ta péré ló dá dúró lára wọn. Mátíríìsì náà á daṣẹ́ sílẹ̀. Lo nọ́ńbà mẹ́ta fún àṣìṣe ibi tó kọjú sí, àti mẹ́ta fún bias gyro (àṣìṣe tó ń bá sẹ́ńsọ̀ ìyípo rìn). Nínú òjìji ayé, bí ìṣẹ́jú 35 nínú ìyípo kan, sẹ́ńsọ̀ òòrùn kò rí nǹkan kan, gyro àti òòfà ló kù. Tí sẹ́ńsọ̀ rẹ bá jẹ́ páànẹ́ẹ̀lì lásán, ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ara ayé á máa tàn án jẹ. Bẹ̀rẹ̀ ìdánwò pẹ̀lú àṣìṣe ìwọ̀n 40, kì í ṣe 1. Ṣe é nígbà 100 láti ibẹ̀rẹ̀ tó yàtọ̀ síra, kí o sì fi èyí tó bàjẹ́ sínú ìjábọ̀ pẹ̀lú ìdí tó fi bàjẹ́, torí ohun tí olùkọ́ máa kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn.