Kí ló dé tí ọkọ̀ tó ń gbá sínóò fi máa ń pẹ́ kó tó dé àdúgbò wa?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá sínóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Nígbà tí mo máa fi padà sílé láàárọ̀ wọ́n ti gbá títì ńlá mọ́ tónítóní, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí ọkọ̀ wọn tó kọjá níbẹ̀, àmọ́ àdúgbò tiwa tí kò já síbì kankan, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Mo wá fi ṣọ́bìrì kó ẹnu géètì mi fún odindi wákàtí kan, bí mo ṣe fẹ́ wọlé báyìí ni ọkọ̀ wọn dé, ó kọjá, ó sì da òkìtì míì sí mi lẹ́nu géètì. Ta ló ń pín iṣẹ́ yìí gan-an? Kí ni mo sì lè ṣe tí irú ẹ̀ ò fi ní ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú àìsùn o, àǹtí, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ọdún 11 ni mo fi jókòó ti rédíò nínú ọ́fíìsì tó ń darí àwọn ọkọ̀ tó ń gbá sínóò, kò sì sí ìjì kan tí wọn ò ní pè wá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò kà á sí àròyé lásán, torí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú tó tún wá délé bá ṣọ́bìrì, ó yẹ kó mọ ìdí tọ́rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbàgbé yín. Láti ìgbà tí oòrùn ṣì ń mú ni wọ́n ti ya máàpù ìlú sí ìpele-ìpele, àdúgbò tí kò já sì ni ìpele tó kẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń yà á ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Àwọn ọ̀nà tó lọ sí hósípítù, ibùdó panápaná, ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà, afárá àti òkè ló máa ń ṣáájú. Afárá wà níbẹ̀ torí pé afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ lókè ẹ̀, ó ń fẹ́ lábẹ́ ẹ̀, kò sí ilẹ̀ tó máa mú un móoru, nítorí náà ó máa ń di yìnyín kí títì tó kù tó dì. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀nà tó so àdúgbò pọ̀ mọ́ títì ńlá, tiyín ló wá tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ́ẹ rí ọkọ̀ tó kọjá lórí títì ńlá yẹn, ọ̀nà tí áńbúláǹsì ń gbà gbé èèyàn wá sí wọ́ọ̀dù yín ni wọ́n ń gbá.

Àmọ́ ó ṣeé ṣe kẹ́ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan ò wá tó ni, kí ni ẹ̀ẹ̀mẹta wà fún? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ọ̀nà tí wọ́n gbé fún dírẹ́bà kan máa gbà á ní wákàtí méjì kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tí sínóò bá ń já ní sẹ̀ǹtímítà 3 ní wákàtí kan, nígbà tó bá fi padà dé, sẹ̀ǹtímítà 6 á ti wà nílẹ̀ níbi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Tó bá wá le, tó ń já ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní wákàtí kan, 10 ló máa bá níbẹ̀, bí ẹni pé kò débẹ̀ rí. Ẹ tún ranti pé iyọ̀ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ lè tán lójú ọ̀nà, ó máa padà lọ kó òmíràn, ìyẹn tún jẹ́ bí ìdajì wákàtí. Nítorí náà nígbà tí sínóò ṣì ń já, iṣẹ́ títì ńlá kì í parí, ṣe ni wọ́n kàn ń gbìyànjú kó má bàa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tí mo bá yọ ọkọ̀ méjì kúrò níbẹ̀ wá sí àdúgbò yín ní aago mẹ́ta òru, títì ńlá máa dí, ọkọ̀ méjì yẹn gan-an ò sì ní ráyè jáde padà. Ìgbà tí sínóò bá fà sẹ́yìn la tó máa ń fi wọ́n sílẹ̀ fún ìpele kejì, ká tó wá kan ìpele kẹta. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 30 tó fi odindi ọjọ́ kan já, ó rọ̀ wá lọ́rùn ju sẹ̀ǹtímítà 15 tó já láàárín wákàtí mẹ́ta lọ. Tẹ́ẹ bá gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́, ẹ má wo iye tó máa já nìkan, ẹ wo wákàtí tó máa fi já.

Kí n sọ ti iyọ̀ náà, torí wọ́n máa ń bi wá pé kí ló dé tá ò da iyọ̀ sí i kó yọ́ tán. Iṣẹ́ iyọ̀ kọ́ ni kó yọ́ òkìtì sínóò, iṣẹ́ ẹ̀ ni kí sínóò má lẹ̀ mọ́ ọ̀dà títì, kí abẹ irin iwájú ọkọ̀ lè há a kúrò. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi máa ń fọ́n omi iyọ̀ sí títì kí ìjì tó dé, omi tí nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ jẹ́ iyọ̀, èyí tí kì í dì títí òtútù fi máa dé nǹkan bí -21°C. Tó bá jẹ́ pé òjò ló máa kọ́kọ́ rọ̀ kó tó di sínóò, a kì í fọ́n ọn rárá, òjò máa gbá a lọ sínú gọ́tà ni. Iyọ̀ gbígbẹ ní tiẹ̀, tí títì fúnra ẹ̀ bá ti tutù ju nǹkan bí -9°C lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n máa ń po kẹ́míkà míì mọ́ ọn tàbí kí wọ́n fọ́n yanrìn kí táyà lè rí nǹkan dì mú. Ẹ tún jọ̀ọ́, iyọ̀ tó bá wọ odò ṣòro láti yọ kúrò, tó bá pọ̀ ó lè pa ẹja, ó sì ń jẹ irin afárá, kò yẹ kí ìlú kankan máa dà á bí ẹni da ẹrẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn dírẹ́bà náà wà níbẹ̀. Wákàtí 12 ni wọ́n sábà máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, tá a bá kó gbogbo wọn jáde lóru àkọ́kọ́, ta ló máa wakọ̀ lóru kejì? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wa kan ṣe bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kí ìlú rí i pé gbogbo ọkọ̀ ló wà níta, nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì ìjì náà ṣì ń jà, dírẹ́bà tí ojú ẹ̀ dá ò sí mọ́, ọkọ̀ ń bẹ nílẹ̀ kò sẹ́ni wà á. Mi ò lè gbàgbé ohùn àwọn tó ń pè lọ́jọ́ yẹn.

Ìyẹn ò ní kí ìlú máa fi àdúgbò kékeré ṣeré o. Ní oṣù kejì ọdún 1969, New York fi Queens, agbègbè ńlá kan nínú ìlú náà, sílẹ̀ nínú sínóò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, èèyàn 42 ló kú nínú ìjì náà, ó sì ba orúkọ méyọ̀ wọn John Lindsay jẹ́ gan-an. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ní Chicago, sínóò wà lára ohun tó mú kí méyọ̀ Michael Bilandic pàdánù ìbò abẹ́lé fún Jane Byrne. Ìpele tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní wákàtí tí wọ́n dá fún un, ìlú yín sì gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ fún yín. Èmi náà rò pé ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì yẹ kó wà ní ìpele àkọ́kọ́. Ní ìlú Karlskoga ní Sweden, wọ́n ti yí ètò wọn padà kí ọ̀nà àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lè ṣáájú, mo sì fara mọ́ ọn, torí mọ́tò lè la sẹ̀ǹtímítà 10 kọjá, ẹni tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ò lè là á.

Ó wá ku ẹnu géètì yín. Abẹ irin iwájú ọkọ̀ yẹn fì díẹ̀ sí apá kan, apá ẹ̀gbẹ́ títì ló ń da sínóò sí láìdúró, dírẹ́bà ò sì lè máa gbé e sókè ní ẹnu géètì kọ̀ọ̀kan. Kò ṣe é torí pé ó kórìíra yín. Ohun tẹ́ẹ máa ṣe rèé: ẹ dúró sẹ́nu géètì, kẹ́ẹ kọjú sí títì. Níbi tí wọ́n bá ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, ọwọ́ òsì yín ni ọkọ̀ náà ti máa yọ. Ẹ gbá àyè kan sílẹ̀ lẹ́bàá títì lọ́wọ́ òsì yẹn, kó gùn tó mítà mẹ́ta kó tó kan ẹnu géètì, kẹ́ẹ sì da gbogbo sínóò tẹ́ẹ bá kó sí ọwọ́ ọ̀tún. Tí ọkọ̀ bá dé, inú àyè yẹn ló máa da èyí tó pọ̀ jù sí kó tó kọjá níwájú yín. Níbi tí wọ́n bá ti ń wakọ̀ lápá òsì, ẹ yí i padà. Ẹ má da sínóò padà sójú títì, ọ̀pọ̀ ìlú ló ń bu owó ìtanràn lé e. Tí ara yín bá sì gbà á, ẹ sùn ná, ẹ kàn la ọ̀nà tí ẹsẹ̀ máa gbà, kẹ́ẹ dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá ti kọjá kẹ́ẹ tó kó ìyókù.

Mọ́tò tí wọ́n pákì sójú ọ̀nà ló ń bà wá nínú jẹ́ jù. Nínú àdúgbò tóóró tí kò já, mọ́tò kan ṣoṣo tí wọn ò gbé kúrò lè mú kí ọkọ̀ wa yí padà láìwọlé, dírẹ́bà á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò ráyè wọlé, àdúgbò yẹn á wá padà sí ẹ̀yìn ìlà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tiyín nìyẹn, ẹ bi àwọn aládùúgbò. Ní Montreal níbi tí wọ́n ti ń fi típà kó sínóò kúrò nílùú pátápátá, ọkọ̀ tó ń fa mọ́tò máa ń kọ́kọ́ fọn síréènì káàkiri àdúgbò kí katakata tó wọlé, ẹni tí ò bá gbé mọ́tò ẹ̀, wọ́n á fà á lọ. Àwọn tó ń kó o lọ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ ṣá, ìlú tó pọ̀ jù kàn ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ní New York, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí gan-an ni wọ́n ń gbé abẹ irin sí níwájú, ẹ má retí pé wọ́n máa kó ìdọ̀tí lọ́jọ́ ìjì.

Tó bá wá kọjá wákàtí tí wọ́n dá fún ìpele yín, ẹ pè wọ́n. Ẹ má kàn sọ pé wọn ò tíì gbá ọ̀nà wa. Ẹ sọ orúkọ àdúgbò, oríta tó sún mọ́ ọn, bí sínóò ṣe jìn tó, àti bóyá mọ́tò dí ọ̀nà. Tí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó ń lo ẹ̀rọ láti fi mí, tàbí tó gbọ́dọ̀ lọ fọ kíndìnrín lọ́jọ́ yẹn, ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí orí máàpù ni èmi ń wò, mi ò rí ẹni tó ń gbé nínú ilé. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń torí ẹ̀ yọ ọkọ̀ kúrò lórí ìlà. Ó dáa kẹ́ẹ ti fi orúkọ ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ìgbà òtútù tó dé níbi tí ìlú bá ti ní ètò fún un. Kẹ́ẹ tó wá tan mọ́tò láti lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́, ẹ wo ẹnu ẹ̀sọ́ọ̀sì lẹ́yìn, tí sínóò bá dí i, ẹ fọwọ́ gbá a kúrò kẹ́ẹ tó tan án, torí èéfín ẹ̀ lè pa èèyàn nínú mọ́tò láìjẹ́ kó mọ̀.