Ó san, ó tún padà: kí ló ń ṣe etí ajá mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ajá mi, ọmọ ọdún 3, ń gbọn orí ṣáá, ó sì ń họ etí ọ̀tún. Ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú ń jáde níbẹ̀, ó ń rùn. Ẹni tó ń ta oògùn fún mi ní gentamicin tí wọ́n ń kán sójú. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún padà. Ṣé kí n tún un kán?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Ihò etí ajá kò rí bíi tiwa. Ó kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, kó tó yà wọnú bíi lẹ́tà L, nítorí náà ìdọ̀tí àti omi kì í tètè jáde. Ojú lásán kò sì lè rí ìlù etí, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú lọ́hùn-ún. Àfi kí dókítà ẹran fi iná wò ó. Bí ìlù etí bá ti ya, gentamicin tó wọlé lọ lè sọ ajá di adití.

A ó tún gba díẹ̀ nínú ìdọ̀tí náà, ká wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Irú èyí tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, Malassezia ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn oríṣi yíìsì kan, ohun kékeré tí ojú lásán kò lè rí, tó jẹ́ ẹbí olú, kì í ṣe bakitéríà. Bakitéríà ni gentamicin ń pa, kò lè pa yíìsì. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì wà níbẹ̀, kó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo lẹ ti ń bá jà.

Pípadà tó ń padà yẹn gan-an ló jẹ mí lógún. Ara ajá ni yíìsì yìí ń gbé tẹ́lẹ̀, láìṣe é ní nǹkan kan. Nǹkan mìíràn ló máa ń ṣí ọ̀nà fún un: omi ìwẹ̀ tó dúró sínú etí, eégbọn, tàbí àléjì, èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ṣé ó máa ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀? Ṣé ikùn ń yún un? Oúnjẹ wo ló ń jẹ? Ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́ fún dókítà, torí bí a kò bá rí ìdí rẹ̀, a ó kàn máa ra oògùn ni.

Bí a bá fún yín ní omi ìfọtí, ẹ dà á sínú etí, ẹ rọra fọwọ́ pa ìdí etí náà láti ìta, ẹ jẹ́ kó gbọn orí, kí ẹ wá fi òwú nu ibi tí ojú yín tó. Ẹ má ki igi onírun-òwú bọ inú. Ẹ má fi spírítì, kẹrosíìnì tàbí ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì sí i, ẹni yòówù kó sọ fún yín. Ẹ lo oògùn tí dókítà bá fún yín tán, kódà bí òórùn bá ti lọ, kí ẹ sì mú un padà wá fún àyẹ̀wò.

Bí ó bá ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ewé etí rẹ̀ wú, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an.