Ẹ Má Fún Ọmọ Yín Ní Oògùn Ìtọ̀ Nítorí Taekwondo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ń ṣe taekwondo. Kílò 62 ló wọ̀n. Kóòṣì rẹ̀ ní kó já wálẹ̀ sí ìsọ̀rí kílò 59 kí ìdíje ọ̀sẹ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀, pé ibẹ̀ ni góòlù ti máa rọrùn fún un. Ó ní ká ra Lasix, oògùn ìtọ̀, àti àgbo tó ń yọ ọ̀rá, kó má sì mu omi fún ọjọ́ méjì. Ẹyọ mélòó ló lè lò tí kò ní pa á lára? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹyọ kan pàápàá, kó má fi kẹ́nu. Irú ìbéèrè yìí ń wá sọ́dọ̀ mi lemọ́lemọ́, inú sì ń bí mi, kì í ṣe sí ẹ̀yin, bí kò ṣe sí àwọn tó ń gba òbí nírú ìmọ̀ràn yìí.

Ẹ rò pé ọ̀rá ni Lasix ń yọ. Rárá o. Furosemide ni oògùn náà, àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàárẹ̀ tàbí tí ara wọn wú la máa ń kọ ọ́ fún. Kíndìnrín ló ń mú kó máa da omi àti iyọ̀ ara nù. Ọ̀rá ọmọ yín ò ní dín rárá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni omi máa gbẹ nínú ẹ̀, ọkàn á máa sáré, potassium tó ń jẹ́ kí ọkàn lù déédéé á sì bá ìtọ̀ lọ. Ara tí kò lómi kì í làágùn dáadáa, á wá gbóná janjan. Ẹ tún wá fẹ́ fi àgbo tó ń múni yàgbẹ́ lé e! Ní ìparí ọdún 1997, láàárín nǹkan bí oṣù kan, ọmọ yunifásítì mẹ́ta tó ń ja ìjàkadì kú ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń fi tipátipá dín ìwọ̀n ara wọn kù. Ọ̀dọ́ tára wọn le ni wọ́n.

Ṣé ó tiẹ̀ máa rọrùn fún un? Mo ti rí wọn lórí máàtì: ètè bó, ojú jìn, ọmọ gbé ẹsẹ̀ sókè láti gbá orí, iṣan ẹ̀yìn itan há, ó ṣubú. Ẹ̀ṣẹ́ sáyà, àmì 1 péré ni. Ẹsẹ̀ sórí jẹ́ 3, téèyàn bá yípo kó tó gbá a, ó di 5. Ẹsẹ̀ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ kò lè ṣe ìyẹn. Ní Rio lọ́dún 2016, Cheick Cissé ti Côte d'Ivoire ń fi 4 sí 6 tẹ̀lé Lutalo Muhammad ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn ló yípo, tó gbá a lórí, tó gba góòlù Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Chika Chukwumerije tiwa náà, ìsọ̀rí àwọn tó ju kílò 80 lọ, níbi tí ìwọ̀n kò ti lópin, ló ti gba bàbà ní Beijing lọ́dún 2008.

Wọ́n á ní lẹ́yìn tó bá gun òṣùwọ̀n, á mu omi. Ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni wọ́n sábà máa ń wọn ènìyàn, òru kan kò sì tó láti dá ohun tó ti lọ padà. Ọjọ́ kan náà ló sì máa ja gbogbo ìjà rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Yàtọ̀ síyẹn, Lasix wà lára oògùn tí àjọ WADA, tó ń gbógun ti ìlò oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé, fi òfin dè fún eléré ìdárayá nígbà gbogbo, ìbáà ṣe ọjọ́ ìdíje tàbí ọjọ́ mìíràn. Tí wọ́n bá bá a nínú ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n lè dá a dúró.

Ìsọ̀rí kílò 63 wà fún àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ láìjìyà. Ẹ ní kí kóòṣì fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò nínú ìdíje náà. Ọmọ tó ṣì ń dàgbà ni, ẹ jẹ́ kó jẹun.

Mi ò tíì fojú kan án o, nítorí náà ẹ má fi èyí rọ́pò dókítà tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti lo oògùn náà, ẹ fún un ní ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà) díẹ̀díẹ̀. Tí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.