Èsì: ínhélà láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ní ọmọ ọdún 6 yín fẹ́ lọ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo agbára ẹ̀dọ̀fóró, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fín ínhélà fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe mí léṣe.

Ọmọ ọdún 7 ni tèmi nígbà yẹn. Ìdájí la gbéra n'Ìkẹ́nnẹ́. Mo ti fín ínhélà búlúù, èyí tó ń tètè ṣí ọ̀nà èémí, sí i lẹ́nu ká tó wọ mọ́tò, torí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé kí n má ṣe é. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ fi nǹkan há ọmọ nímú, ó ki páìpù bébà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ló bá ń jágbe: "Fẹ́ ẹ! Mo ní o fẹ́ ẹ!" bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Ẹkún ni ọmọ fi fẹ́ ẹ. Dókítà ò wo ìwé náà dáadáa tó fi ní kò sí nǹkan tó ṣe é, pé èmi ni mò ń kẹ́ ẹ jù. Èmi!

Ọyẹ́ dé. Aago méjì òru, egungun ìhà ọmọ ń wọnú bó ṣe ń fa èémí. Bí a ṣe dé Ṣàgámù lóru yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ní àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kejì, nọ́ọ̀sì kan ló yọ wá. Ó ní kó mí kanlẹ̀, kó wá fẹ́ ẹ bí iná ààrò, kó máa fẹ́ ẹ lọ títí èémí á fi tán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó dáa. Wọ́n fín ínhélà fún un, a dúró ìṣẹ́jú 15, ó tún fẹ́ ẹ. FEV1, ìyẹn ìwọ̀n atẹ́gùn tó ń fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, fò sókè ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ásímà! Lẹ́yìn gbogbo omi ikọ́ tí a ti rà.

Ẹ gbé ọmọ kúrò nídìí èéfín ààrò gaàrí o. Ìyá ọkọ mi bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ẹ̀, mi ò bìkítà. Kọ́ìlì ẹ̀fọn náà, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbéèrè yín. Búlúù, wọ́n sábà máa ń ní ká dá a dúró fún wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àyẹ̀wò, kó má baà bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọ mi. Ínhélà tó bá ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́ ní òfin tiẹ̀, ẹ bi wọ́n kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n bí àyà bá há a, ẹ fín in kíá, kí àyẹ̀wò lọ dúró. Ẹ gbé búlúù dání, ẹ má fún un lóúnjẹ yó.