Ẹ̀gbọ́n Fóònù dá yín lóhùn: fóònù wo ni kí n rà, dátà wo ni kí n fi sí i?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti gbogbo abúlé tó yí wọn ká ní Benin níbí. Ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi lóṣù yìí ni “Ẹ̀gbọ́n, fóònù wo ló dáa?” Èmi náà á sì bi yín padà, níbo lẹ ń sùn, kí lẹ sì fẹ́ fi ṣe? Torí fóònù tí ẹnì kan ń yin níwájú ṣọ́ọ̀bù l'Ájàṣẹ́ lè di dígí ìwojú lásán lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn àpáta ní Ṣábẹ̀. Mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn lẹ́tà yín, àwọn tó kù ẹ ní sùúrù fún mi.

Aránṣọ kan l'Ájàṣẹ́ kọ̀wé pé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìtòsí ọjà Ouando ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo ti tọ́jú 80,000 sẹ́fà fún fóònù. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní òun ní tuntun kan tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8, mẹ́mórì 128, ọmọ mi obìnrin wá ní kí n má dá a lóhùn, kí n lọ ra iPhone àlòkù tó ti Yúróòpù dé, pé fọ́tò tiẹ̀ mọ́ jù. Iṣẹ́ mi ni mo fẹ́ máa fi ta o, kí n máa ya ẹ̀wù tí mo bá rán kí n gbé e sórí WhatsApp.

Àǹtí mi, abẹ́rẹ́ ò ní gún yín lọ́wọ́ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti RAM 8 yẹn. Ẹ gba páálí fóònù náà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ẹ yí i kiri dáadáa, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ 4+4 síbì kan, tàbí kí wọ́n fi ìràwọ̀ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ 8, kí wọ́n wá fi lẹ́tà tín-ín-tín ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀. RAM ni tábìlì tí ẹ ń gé aṣọ lórí ẹ̀, mẹ́mórì sì ni kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó aṣọ sí. 4 àkọ́kọ́ ni tábìlì gidi, 4 kejì yẹn, pákó kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n yọ tí wọ́n fi fẹ tábìlì, ó máa gba nǹkan díẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ kì í yá bíi tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù náà sì ti dín kù. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, òǹtajà kàn gbé e gba ibi tó dùn ún ni. 4 gidi tó fún iṣẹ́ yín. Tí wọ́n bá gbé èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2 wá, tí wọ́n kọ “Android Go” sí lára, ẹ dá a padà, ẹni tó fẹ́ máa pè kó sì máa gbà nìkan ló wà fún, tí oníbàárà ogún bá ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí yín lẹ́ẹ̀kan náà ó máa dákú ni.

Mẹ́mórì 128 yẹn ni mo fẹ́ràn níbẹ̀. Fóònù kì í fún yín ní gbogbo ohun tó kọ sára, Android fúnra rẹ̀ á ti jẹ ju 10 lọ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, WhatsApp á wá máa tọ́jú gbogbo “ẹ kú àárọ̀” olódòdó tí àwọn ẹgbẹ́ ìjọ ń fi ránṣẹ́, ọdún kan péré 64 ti kún.

Ní ti kámẹ́rà, ẹ má wo nọ́ńbà 50 tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú àǹkárá méjì dání lọ, ọ̀kan pupa ọ̀kan dúdú, ẹ yà wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ iná, ẹ yà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kí ẹ wò ó bóyá ẹ rí ojú abẹ́rẹ́. Tí pupa bá di ọsàn, oníbàárà máa bá yín jà lọ́jọ́ tó bá wá gbaṣọ, ẹ jẹ́ kí òǹtajà máa bínú, owó yín ni.

iPhone wá ńkọ́? Ọmọ yín ò parọ́, fọ́tò ẹ̀ mọ́. Àmọ́ ní 80,000, arúgbó ni wọ́n máa gbé fún yín. Ẹ wọ Réglages, ẹ wá Batterie, ẹ wo État de la batterie, tó bá ti wálẹ̀ sí abẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún bátìrì ti fẹ́ kú nìyẹn, ọjọ́ tí SBEE bá múná lọ ẹ̀yin àti fóònù lẹ jọ máa sùn. Ẹ wò ó dáadáa bóyá àkáǹtì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti kúrò lórí ẹ̀, torí tí kò bá kúrò, ọjọ́ tí ẹ bá nù ún kó di tuntun ló máa béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni tí ẹ ò rí rí. Omíràn tún ni pé àwọn iPhone tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti orí iPhone 14 ti ọdún 2022 ò ní ojú ihò tí èèyàn ń ki síìmù sí, eSIM nìkan ni wọ́n mọ̀, ìyẹn síìmù inú fóònù tí kò ní káàdì, mo ti rí ẹni tó ra irú ẹ̀ tó ń wá ihò kiri ara fóònù bí ẹni ń wá iná lórí.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí, kì í ṣe iPhone, Samsung àlòkù ni, ní ọjà kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó ń ṣiṣẹ́ geere lójú mi, mo délé mo nù ún, ló bá ní kí n fi àkáǹtì Google ẹni àkọ́kọ́ wọlé. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo bá ẹlòmíràn lórí tábìlì yẹn tó ń ta bàtà.

Àǹtí, ẹ ra tuntun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà oní 15 tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu, kí òǹtajà sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì, tí kò bá bára mu, kpayo, ìyẹn ayédèrú, ni àbí jíjí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má ná 80,000 tán lórí fóònù o, ẹ fi díẹ̀ ra àpò rẹ̀ àti dátà, fóònù tí ò ní dátà ò lè ta ẹ̀wù kankan.

Àgbẹ̀ kan ní Ìlárá, lápá Kétu, béèrè pé: Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń ra forfait dátà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò kì í wo fídíò, síbẹ̀ tí mo bá ti dé oko, màá rí orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà lójú fóònù, kíréédì mi á sì yọ́ bí iyọ̀. Ṣé wọ́n ń jí mi lówó ni?

Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni jí yín lówó. Òpó àwọn ará Nàìjíríà ò jìnnà sí oko yín, afẹ́fẹ́ ò sì mọ douane. Tí tiwọn bá lágbára ju tiwa lọ níbi tí ẹ dúró sí, fóònù yín á lọ dì mọ́ ọn láìbéèrè, ẹ ti di àlejò nìyẹn, forfait tí ẹ rà fún Benin ò sì bá àlejò ṣiṣẹ́ àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀, inú kíréédì gidi ni wọ́n á ti máa gé e. Ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè fura ni pé aago tiwa àti tiwọn ọ̀kan náà ni, aago fóònù ò ní yí padà bó ti ń ṣe fún ẹni tó bá kọjá sí Tógò.

Ẹ wọ Paramètres, ẹ lọ sí Réseaux mobiles, ẹ wá “Itinérance des données”, ẹ pa á. Èyí nìkan á ti dá dátà dúró. Tó bá jẹ́ pé ìpè náà ń jẹ yín lówó, níbẹ̀ náà ẹ máa rí “Opérateurs”, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí automatique kí ẹ fọwọ́ ara yín yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì Benin tí síìmù yín jẹ́. Ẹ rántí pé lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ò bá dé, fóònù ò ní rí nǹkan kan, ó máa ṣófo ni, lọ́jọ́ tí ẹ bá sì sọdá ẹ ní láti dá a padà.

Ẹni tó bá ń ná ọjà lápá ibí àti lọ́hùn-ún bíi tiyín, fóònù oní síìmù méjì ni kó rà, sẹ́fà lọ́kan náírà lọ́kan, kó sọ fún fóònù èyí tó máa gbé dátà. Ẹ wo ojú ihò ẹ̀ kí ẹ tó rà á, àwọn kan wà tí síìmù kejì àti káàdì mẹ́mórì jọ ń du àyè kan ṣoṣo.

Èmi ò lè jókòó l'Ájàṣẹ́ níbí kí n sọ fún yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa jù fún oko yín, MTN ni àbí Moov Africa ni àbí Celtiis tó dé kẹ́yìn, lóṣù kẹwàá 2022. Ẹ yá síìmù aládùúgbò méjì mẹ́ta, ẹ gbé e dé oko, dé ẹ̀yìnkùlé, dé yàrá tí ẹ ń sùn lóru, èyí tó bá gbé fídíò láìdúró níbẹ̀ ni tiyín, bí gbogbo Kétu tilẹ̀ ń lo òmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ṣábẹ̀: Ẹ̀gbọ́n mi, 200 sẹ́fà ni mò ń fi ra dátà lójoojúmọ́ torí mi ò lówó tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í pẹ́ alẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Àbúrò, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. 200 lọ́nà 30, 6,000 sẹ́fà lóṣù nìyẹn, o ṣì ní o ò lówó! Fi 6,000 yẹn sọ́kàn, kí o wá wo iye tí ti oṣù kan ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ, pín owó rẹ̀ sí iye gígà tó wà nínú ẹ̀, wàá rí i pé ti ojoojúmọ́ ló sábà máa ń wọ́n jù. Tí kò bá ṣeé ṣe, fi 200 sínú MoMo lójoojúmọ́, má fọwọ́ kàn án fún oṣù kan, o ti dá èsúsú ara rẹ nìyẹn. Àmọ́ wo ọjọ́ tí dátà náà máa kú, ká ní wọ́n fún ẹ ní gígà 5 tó máa kú lọ́jọ́ mẹ́ta tí o sì lo 1 péré, owó gígà 5 lo fi ra 1. Dátà òru náà bẹ́ẹ̀, tí o bá jẹ́ ẹni tó ń sùn, ta lo rà á fún? Má sì jẹ́ kí lẹ́tà dà ẹ́ láàmú, GB tó wà lára páálí àti Go tó wà nínú SMS wọn, ọ̀kan náà ni.

Ohun tó ń jẹ dátà ẹ, fídíò ni. Nọ́ńbà tó ní p lẹ́yìn ni bí fídíò ṣe mọ́ tó, wákàtí kan lórí 480p máa ń jẹ nǹkan bí ààbọ̀ gígà, tó bá di 1080p ó lè jẹ gígà kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú fóònù kékeré tìẹ yẹn ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Dá a padà sí 360 tàbí 480. Wọ Paramètres WhatsApp, sí Stockage et données, yọ gbogbo ohun tó ń wọlé fúnra ẹ̀ lórí données mobiles, àwòrán, fídíò, gbogbo ẹ̀. Sọ fún Play Store kó dúró de Wi-Fi. Lẹ́yìn náà tan Économiseur de données. Fún ọ̀sẹ̀ kan péré, wàá sọ fún mi.

Ó yẹ kí o dúpẹ́ o, ìwọ lè má rántí, lọ́dún 2018 ìjọba fẹ́ máa gba 5 sẹ́fà lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ariwo tí àwọn èèyàn pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi fagi lé e lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Gígà kan ṣoṣo ì bá ti lé ní 5,000 owó orí nìkan.

Ọ̀kan tó kù, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn òkè lo ń gbé, dátà lè wà kó má ṣiṣẹ́, torí àpáta ńlá yẹn ń dí òpó lójú. Bọ́ sí gbangba kí o wa fídíò ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí o wá lọ wò ó nílé. Bátìrì ẹ náà á sinmi, fóònù tó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri láti àárọ̀ kì í fi bátìrì ṣeré.

Bàbá àgbà kan ní Kétu ní kí ọmọ-ọmọ òun kọ ọ́ pé: WhatsApp ní òun ò bá fóònù mi ṣe mọ́, ọmọ kan sì ní kí n mú 5,000 wá kí òun tún un ṣe.

Bàbá, ẹ kú àgbà o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025 ni WhatsApp ti fi gbogbo fóònù tí Android wọn ò tó 5 sílẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá a bẹ̀bẹ̀. Tuntun kékeré kan tí lẹ́tà ẹ̀ tóbi tí ohùn ẹ̀ sì ròkè ló yẹ yín, RAM 3 náà tó. Kí ọmọ-ọmọ yín kọ́kọ́ kó àwòrán inú ti àtijọ́ sórí káàdì kí ẹ tó yọ síìmù. Tó bá sì ń da nọ́ńbà inú ìwé yín sínú tuntun, èyí tó bá ṣì jẹ́ oní mẹ́jọ, kó fi 01 síwájú ẹ̀, láti 30 oṣù kọkànlá 2024 ni gbogbo nọ́ńbà wa ti di mẹ́wàá. Ti àtijọ́ yẹn, ẹ má jù ú nù, rédíò inú ẹ̀ ò nílò WhatsApp.